Owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́: báwo ni àwọn orílẹ̀-èdè tí ọwọ́ wọn ò tó ṣe lè rí i gbà, kí wọ́n sì ná an síbi tó yẹ?

Abiyamọ_Iléèwé:

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì mọ̀ pé àwọn tó ti ṣiṣẹ́ nídìí ètò ẹ̀kọ́ àti ìṣúná pọ̀ níbí.

Ẹgbẹ́ kékeré kan ni mò ń bá ṣiṣẹ́. À ń ran àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ ní Sierra Leone àti Liberia. Ìgbàkígbà tí a bá ti jókòó pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa ń sọ: kò sówó. Bẹ́ẹ̀ ìgbà gbogbo là ń gbọ́ pé àwọn orílẹ̀-èdè ńlá ṣèpàdé, wọ́n sì ṣèlérí owó gọbọi. Ní oṣù keje ọdún 2021, ní London, wọ́n ṣèlérí 4 bílíọ̀nù dọ́là fún Global Partnership for Education nìkan, ìyẹn àpò àgbáyé kan tó wà fún ẹ̀kọ́. UNESCO náà sọ ní 2023 pé 97 bílíọ̀nù dọ́là ló ń dín lọ́dọọdún kí àwọn orílẹ̀-èdè tí kò rí jájẹ tó lè dé ibi tí wọ́n fẹ́ bá ẹ̀kọ́ dé nígbà tó bá fi máa di 2030, àti pé 70 bílíọ̀nù nínú rẹ̀ jẹ́ ti Áfíríkà ìsàlẹ̀ Sàhárà.

Ọ̀nà wo ni owó yìí ń gbà? Ta ló ń pinnu orílẹ̀-èdè tó máa rí i? Kí ló sì fà á tí orílẹ̀-èdè kan á gba tiẹ̀, á ná an tán, àwọn ọmọ á sì jàǹfààní, tí ti òmíràn á kàn máa sùn sí báńkì nígbà tí àwọn ọmọ ṣì ń jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀?

Aṣètò_Àná:

Ẹ kú ìbéèrè, màdáámù. Ẹ̀ka ìṣètò ní iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ni mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà ibi tí mo mọ̀ ni mo máa bá yín sọ.

Ẹ jẹ́ ká mú Global Partnership for Education yẹn, èyí tí wọ́n ń pè ní GPE, torí òun ló tóbi jù nínú àwọn àpò àgbáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ nìkan. Ọdún 2002 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ orúkọ Fast Track Initiative, 2011 ló wá ń jẹ́ orúkọ tó ń jẹ́ báyìí. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé kì í ṣe pé mínísítà kan á kọ lẹ́tà pé ẹ dákun, ẹ fún wa lówó. Wọ́n ti máa ń ya iye kan sọ́tọ̀ fún orílẹ̀-èdè tó bá lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Kí orílẹ̀-èdè náà ṣe ohun tí wọ́n á fi tú u sílẹ̀ ló kù. Ó gbọ́dọ̀ ní ètò ẹ̀kọ́ kan tó kárí, tí ẹlòmíràn tí kì í ṣe ara wọn ti yẹ̀ wò. Ètò náà gbọ́dọ̀ dúró lórí àyẹ̀wò tí kò tíì di ti àtijọ́. Ìjọba fúnra rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ máa ná tó nǹkan bí 20% nínú owó ìlú lórí ẹ̀kọ́, tàbí kó fi hàn pé ọ̀nà ibẹ̀ lòun ń tọ̀.

Ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, ìgbìmọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Local Education Group. Iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ló ń darí rẹ̀. Báńkì Àgbáyé, UNICEF, àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè tó ń fúnni lówó, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ àti àwọn ẹgbẹ́ aráàlú bíi tiyín ló ń jókòó níbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fẹnu kò lórí àjọ tí owó máa gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, tó sì máa dáhùn fún un bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Lọ́pọ̀ ibi Báńkì Àgbáyé ló ń ṣe é, níbòmíràn UNICEF ni.

Ibi tí ó ti máa ń bàjẹ́ jù lójú tèmi ni ètò yẹn gan-an. Wọ́n á gba àjèjì onímọ̀ kan, á kọ ìwé ńlá tó dára lójú, tó ní gbogbo nǹkan nínú: kíláàsì tuntun, ìwé, oúnjẹ ọ̀sán, kọ̀ǹpútà, ilé olùkọ́, ohun gbogbo. Mo wà níbi ìpàdé kan tí wọ́n ti bi ọ̀gá kan pé bó bá jẹ́ ìdajì owó yìí ló wọlé, kí lẹ máa kọ́kọ́ ṣe? Ọ̀gá ṣí ìwé yẹn síwá, ó ṣí i sẹ́yìn, kò rí ìdáhùn. Ipò kìíní ni gbogbo nǹkan wà. Ẹni tó fẹ́ fúnni lówó rí i, ojú rẹ̀ yí padà.

Orílẹ̀-èdè tó bá fẹ́ rí owó gbà, kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fúnra wọn mọ ètò wọn dé ibi pé wọ́n lè gé e sí méjì lórí ìjókòó, kó má sì bàjẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ kan wà fún irú iṣẹ́ yìí, IIEP ti UNESCO ní Paris, ó sì ní ọ́fíìsì ní Dakar tó ti bá ọ̀pọ̀ ìjọba Áfíríkà ṣe àyẹ̀wò ètò ẹ̀kọ́ wọn. Kí wọ́n rán ọ̀dọ́ mẹ́ta mẹ́rin lọ kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, kí wọ́n má sì gbé wọn lọ sí iléeṣẹ́ mìíràn bí wọ́n bá dé.

Ọmọ_Ìṣúná:

Ẹ̀gbọ́n ti sọ bí owó ṣe ń wọlé. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń há, torí ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun.

Ká ní ìwé kíkà àwọn ọmọ kíláàsì kìíní ni wọ́n fẹ́ fi owó náà rà. Wọ́n á kọ irú ìwé tí wọ́n fẹ́ àti iye rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á fi ránṣẹ́, wọ́n á sì dúró de lẹ́tà pé àjọ tó di owó mú kò ní àtakò sí i. Lẹ́tà dé, wọ́n á kéde fún àwọn atẹ̀wé. Àwọn atẹ̀wé á mú iye owó wọn wá, wọ́n á ṣí i lójú gbogbo èèyàn, ìgbìmọ̀ á jókòó yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á kọ àbájáde, wọ́n á tún fi ránṣẹ́, wọ́n á tún dúró de lẹ́tà mìíràn. Bí atẹ̀wé tí kò rí iṣẹ́ gbà bá fẹ̀sùn kàn wọ́n, ó tún di dúró ná. Nígbà tí ìwé á fi wọ èbúté, sáà ẹ̀kọ́ ti lọ jìnnà, òjò sì ti ba ọ̀nà abúlé jẹ́. Ẹnikẹ́ni ò jí kọ́bọ̀ níbẹ̀ o. Òfin ni gbogbo èyí, ó sì nídìí tí wọ́n fi ṣe é. Àmọ́ iléeṣẹ́ tí kò bá ní ẹni tó mọ ìlànà yìí bí ẹni mowó á máa tẹ̀ síwájú lẹ́ẹ̀kan, á máa padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì.

Ti rìsíìtì tún wà. Owó àkọ́kọ́ á wọ àkáǹtì tí wọ́n ṣí fún iṣẹ́ náà. Kí òmíràn tó wọlé, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé wọ́n ná ti àkọ́kọ́ bó ṣe yẹ. Bí wọ́n bá ti pín in fún àwọn ẹ̀ka agbègbè, tí àwọn kan ò sì kó ìwé wọn wá, iṣẹ́ gbogbo orílẹ̀-èdè lè dúró torí wọn. Mo ti rí akọ̀wé owó tó ń wa ọ̀kadà káàkiri láti gba rìsíìtì lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá ilé-ìwé. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló ń mú owó wọlé fún ìlú, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀.

Ìmọ̀ràn tèmi fún ìjọba kankan ni pé kó tó fọwọ́ sí owó, kó ti ní akọ̀wé owó àti arajà tó gbówọ́, tí wọ́n jẹ́ òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ náà. Ohun tí wọ́n sábà máa ń ṣe ni kí wọ́n dá ọ́fíìsì kékeré sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí wọ́n san owó oṣù ńlá níbẹ̀, kí àwọn tó já fáfá jù lọ sì fi iléeṣẹ́ sílẹ̀ lọ síbẹ̀. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá parí, ọ́fíìsì tú ká, ìmọ̀ bá wọn lọ.

Ọ̀rọ̀_Òótọ́:

Mo júbà ẹ̀yin àgbà. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ bi yín: ṣé ó tiẹ̀ yẹ ká máa fi gbogbo agbára yìí lé owó olówó? Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2025. Amẹ́ríkà ti USAID pa, àjọ tó ń bá a pín ìrànwọ́ fún ilẹ̀ òkèèrè. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní òun máa dín ìrànwọ́ òun kù sí 0.3% owó tó ń wọlé fún orílẹ̀-èdè náà nígbà tó bá fi máa di 2027, bẹ́ẹ̀ láti 1970 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti fẹnu kò sí 0.7%. UNICEF ṣírò rẹ̀ pé tó bá fi máa di 2026, owó ìrànwọ́ fún ẹ̀kọ́ lè fi 3.2 bílíọ̀nù dọ́là dín sí ti 2023.

Ẹni tó gbójú lógún, ó fi ara rẹ̀ fóṣì ta. Ìjọba tó ń gbójú lé àlejò láti ra ṣọ́ọ̀kì, kí ló máa ṣe lọ́jọ́ tí àlejò ò bá wá?

Aṣètò_Àná:

Àbúrò, inú mi dùn sí ìbéèrè yìí, torí òun ló gbé ìdí ọ̀rọ̀ jáde.

Ní ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn orílẹ̀-èdè wọ̀nyí, ìjọba àti àwọn òbí ló ń gbé ẹrù tó pọ̀ jù. Ọ̀dọ̀ wọn ni owó oṣù olùkọ́ ti ń wá, owó oṣù yìí ló sì ń jẹ apá tó pọ̀ jù nínú owó ẹ̀kọ́. Bí ìjọba bá ti san án tán, ohun tó ń kù fún ìwé, fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn olùkọ́, fún àtúnṣe òrùlé tó ń jò kì í tó nǹkan. Àfo yìí gan-an ni owó ìrànwọ́ ń dí. Kò pọ̀ tó bí àwọn èèyàn ṣe rò, ṣùgbọ́n òun nìkan ni owó tí wọn ò tíì ná kó tó dé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọn kì í sábà fẹ́ kí owó ìrànwọ́ lọ sí owó oṣù, wọ́n sì ní ìdí tó dáa, torí ta ló máa san án nígbà tí ìrànwọ́ bá parí? Ó ní ibi tí wọ́n ti yà kúrò nínú ìyẹn ṣá. Congo ti Kinshasa sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní oṣù kẹsàn-án 2019. Kó tó di ìgbà náà, àwọn òbí ló ń san owó fún ọ̀pọ̀ olùkọ́. Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 800 mílíọ̀nù dọ́là ní 2020, owó oṣù olùkọ́ sì wà nínú ohun tó wà fún. Mo fara mọ́ ọn, torí ọ̀fẹ́ tí kò sí olùkọ́ nínú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ti yẹ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé lọ́dún báyìí, ìjọba á gbé ìdá báyìí.

Gambia náà ṣe ohun tó wù mí. Láti 2006 ni wọ́n ti ń fi owó kún owó oṣù àwọn olùkọ́ tó bá gbà láti lọ sí ilé-ìwé tó jìnnà sí títì, 30% sí 40% bí ibẹ̀ bá ṣe jìnnà tó. Ètò kan ṣoṣo ni, ó yé gbogbo èèyàn, owó rẹ̀ ṣeé ṣírò. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń fúnni lówó máa ń rí tí kì í bi ọ́ ní ìbéèrè púpọ̀.

Nítorí náà, bí owó ilẹ̀ òkèèrè ṣe ń dín kù yìí, mi ò gbà pé ká kọ̀yìn sí i. Kí ìwọ̀nba tó kù lọ síbi tí owó ìlú ò lè dé ni mo fẹ́. Ọ̀nà tún wà tí ó fi lè fa òmíràn wá: GPE ní àpò kan tó jẹ́ pé bí orílẹ̀-èdè kan bá rí dọ́là 3 tuntun láti ibòmíràn fún ẹ̀kọ́, wọ́n á fi dọ́là 1 kún un. Mínísítà tó bá mọ èyí kò ní lọ bá báńkì kankan lọ́wọ́ òfo.

Ìyá_Tíṣà:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Gbogbo ohun tí ẹ sọ dáa, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ìjọba ni gbogbo yín dúró sí. Ẹ jẹ́ ká wá sí ilé-ìwé.

Ṣé ẹ rántí ti Uganda? Ní àwọn ọdún 1990, ìjọba ń fi owó ránṣẹ́ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìbámu pẹ̀lú iye ọmọ, fún ohun èlò ìkẹ́kọ̀ọ́. Lórí ìwé, gbogbo nǹkan pé. Nígbà tí àwọn oníwàádìí wá lọ láti ilé-ìwé dé ilé-ìwé ní 1996 láti wo ohun tó dé ọwọ́ wọn, wọ́n rí i pé láàárín 1991 sí 1995, tí a bá dá a sí ọgọ́rùn-ún, 13 péré ló ń dé ilé-ìwé. Àwọn aláṣẹ agbègbè ló ń ná ìyókù sórí nǹkan mìíràn. Ilé-ìwé tó sì lọ́lá, tí òbí rẹ̀ lẹ́nu láwùjọ, ló ń rí ju èyí tí kò lẹ́nikẹ́ni lọ.

Kí ni ìjọba Uganda wá ṣe? Wọ́n gbé e sínú ìwé ìròyìn, agbègbè báyìí ti gba iye báyìí. Wọ́n ní kí ilé-ìwé náà lẹ iye tó gbà mọ́ ara ògiri níbi tí òbí á ti rí i. Wọ́n jẹ́ kí aráàlú máa ṣọ́ owó náà. Nígbà tí wọ́n padà lọ wò ó ní 2001, ó ti lé ní 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Mi ò sọ pé ìwé ìròyìn nìkan ló ṣe é, àwọn àtúnṣe mìíràn wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fojú inú wo ìyá kan tó wá mú ọmọ rẹ̀ nílé-ìwé, tó rí iye owó lára ògiri, tó yíjú, tó rí i pé ọmọ mẹ́fà ló ń wo ìwé kan. Ìbéèrè tó máa bi ọ̀gá ilé-ìwé lọ́jọ́ yẹn, kò sí ọ́díìtọ̀ tó lè bi í bẹ́ẹ̀.

Niger náà ṣe tiwọn. Láti 2004, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ JICA, àjọ ìrànwọ́ ìjọba Japan, àwọn ará abúlé ń fi ìbò ìkọ̀kọ̀ yan ìgbìmọ̀ ilé-ìwé wọn. Tẹ́lẹ̀, olóyè tàbí ọ̀gá ilé-ìwé ló ń fa ẹni tó wù ú kalẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí wọ́n dìbò yàn ní ẹnu láti béèrè owó, ó sì ní ẹsẹ̀ láti lọ bá àwọn òbí kó iyanrìn àti omi wá. Nígbà tó yá, Senegal, Burkina Faso, Mali àti Madagascar náà gba irú ètò yìí.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń kọ ètò ìrànwọ́, ẹ má fi owó tó máa dé ilé-ìwé ní tààràtà sí ìparí ìwé. Òun ni kí ẹ fi ṣáájú, kí òbí sì mọ iye rẹ̀ kó tó dé.

Ọmọ_Ìṣúná:

Màmá, ẹ ṣé gan-an. Mo fẹ́ fi ti Malawi gbè é lẹ́yìn, láti ẹ̀gbẹ́ kejì. Ní 2013, àṣírí tú níbẹ̀ pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń yọ owó ìlú sórí iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò ṣe. Cashgate ni wọ́n ń pè é. Àwọn tó ń fi owó sínú àpò ìjọba tààràtà dáwọ́ dúró. Ìrànwọ́ tó ń wọlé lẹ́yìn náà, àkáǹtì ọ̀tọ̀, òfin ọ̀tọ̀, ìròyìn ọ̀tọ̀ fún olówó kọ̀ọ̀kan. Àwọn olè kan ló jí owó, àmọ́ òṣìṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló ń kọ ìròyìn márùn-ún dípò ẹyọ kan.

Ohun tí Mozambique ṣe dáa ju ìyẹn lọ. Wọ́n ní àpò kan tí wọ́n ń pè ní FASE. Olówó púpọ̀ ń dá tiwọn sínú rẹ̀, wọ́n ń lo ìlànà kan, ìròyìn kan, ọ́díìtì kan. Inú rẹ̀ náà ni owó tó ń lọ sí ilé-ìwé tààràtà ti ń jáde. Ethiopia ṣe ohun tó jọ ọ́ fún ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́ àti owó ilé-ìwé nínú ètò GEQIP. Bí mo bá jẹ́ mínísítà, ohun àkọ́kọ́ tí màá bẹ àwọn olówó ni pé kí wọ́n jọ da tiwọn pọ̀.

Onífáìlì:

Ẹ jọ̀ọ́, kò sẹ́ni tó tíì mẹ́nu ba àkọsílẹ̀ iye ọmọ àti ohun tí wọ́n mọ̀. Iṣẹ́ mi nìyẹn, mi ò lè dákẹ́.

Ní 2014, GPE bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń fún orílẹ̀-èdè so mọ́ àbájáde. Ìjọba gbọ́dọ̀ fi hàn pé nǹkan kan yí padà nínú ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ ń kọ́, nínú bí ọmọ tálákà àti ọmọbìnrin ṣe ń rí ààyè, àti nínú bí owó ṣe ń ṣiṣẹ́. Báńkì Àgbáyé náà ní irú ètò báyìí. Kó o tó lè fi hàn pé ohun kan yí padà, o gbọ́dọ̀ mọ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Mélòó nínú àwọn orílẹ̀-èdè wọ̀nyí ló mọ iye ọmọ tó lè ka gbólóhùn kan ní kíláàsì kẹta?

Ìṣòro kan wà nínú ìkànìyàn ilé-ìwé pàápàá. Níbi tí owó bá ti ń tẹ̀lé orí ọmọ, ọ̀gá ilé-ìwé ní ìdí láti kọ orúkọ tó pọ̀ ju ọmọ tó wà. Níbi tí wọ́n bá sì ti ń fìyà jẹ ọ̀gá tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń sá kúrò, kò ní kọ ẹni tó lọ. Àwọn fáìlì tó ń dé ọ́fíìsì olú-ìlú á wá dà bí ẹni pé gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa. Ohun tó ń tún un ṣe ni kí ẹlòmíràn lọ ka orí àwọn ọmọ ní àwọn ilé-ìwé díẹ̀ láìsọ tẹ́lẹ̀, kí àṣìṣe má sì di ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n á fi lé èèyàn lẹ́nu iṣẹ́.

Bí ẹ bá sì fẹ́ yan ohun tí wọ́n á fi wọn yín, ẹ yan èyí tó wà lọ́wọ́ yín. Bí àpẹẹrẹ, pé àwọn olùkọ́ tuntun á lọ sí agbègbè tí olùkọ́ ti ṣọ̀wọ́n jù. Ìjọba lè ṣe ìyẹn láàárín ọdún kan sí méjì. Ṣùgbọ́n kí ẹ ṣèlérí pé èsì ìdánwò gbogbo orílẹ̀-èdè á fò sókè láàárín ọdún mẹ́ta, ẹ ti fi owó yín tọrẹ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀_Òótọ́:

Mo ti gbọ́, mo sì dúpẹ́. Ti ẹ̀yáwó ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń pè ní ìrànwọ́ yìí, gbèsè ni. Àwọn ọmọ tí à ń tìtorí wọn yá a ni wọ́n máa san án.

Aṣètò_Àná:

Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ gbogbo rẹ̀ kọ́. Owó GPE kì í ṣe ẹ̀yáwó, ẹ̀bùn ni. Ní ti IDA, apá Báńkì Àgbáyé tó wà fún àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó láti 1960, orílẹ̀-èdè tí gbèsè bá ti fẹ́ bò mọ́lẹ̀, ẹ̀bùn ni wọ́n ń fún un. Àwọn yòókù ń yá a, ọdún tí wọ́n sì fi ń san án máa ń gùn.

Ohun tó yẹ kí mínísítà ìṣúná béèrè kí ó tó fọwọ́ sí i ni pé: ṣé ohun tó máa so èso ni mo fẹ́ yá owó yìí fún? Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà bó bá yáwó kọ́ àwọn olùkọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ ní kíkà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n yáwó ra kọ̀ǹpútà fún ilé-ìwé tí kò ní iná, mo máa lòdì sí i nígbàkígbà.

Ọ̀nà tuntun kan tún ń jáde. Ní òpin 2024, Côte d'Ivoire fi Báńkì Àgbáyé ṣe onídùúró, ó fi ẹ̀yáwó tó rọrùn san gbèsè tó wọ́n, wọ́n sì ní kí owó tó bá ṣẹ́ kù níbẹ̀ lọ sí ilé-ìwé. Côte d'Ivoire lọ́wọ́ ju àwọn tí à ń sọ lọ, ṣùgbọ́n ó yẹ kí àwọn yòókù máa wò ó.

Alárìnká_Sahel:

Ẹ má gbàgbé àwọn ibi tí ogun wà o. Gbogbo ètò ọdún márùn-ún tí ẹ̀gbọ́n ń sọ, ó ṣòro níbi tí èèyàn ò mọ ibi tí òun máa sùn lọ́la. Láti oṣù kẹrin 2023 tí ogun bẹ́ ní Sudan, àwọn tó ń sá wọ ìlà-oòrùn Chad kò lóǹkà, ọ̀pọ̀ wọn sì jẹ́ ọmọdé. Chad fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó tálákà jù láyé.

Ọ̀nà tó yá wà fún irú èyí. Education Cannot Wait, tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní Istanbul ní 2016, àpò pàjáwìrì ló jẹ́. GPE náà máa ń jẹ́ kí orílẹ̀-èdè tí wàhálà bá dé bá yára gba tó 20% nínú iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Ohun tí mo ti rí ni pé orílẹ̀-èdè tí àwọn àjọ inú rẹ̀ ti mọ ara wọn, tí wọ́n ti ń jókòó pọ̀ kí wàhálà tó dé, ló ń rí i gbà kíákíá. Ibi tó bá jẹ́ ọjọ́ tí ìlú dàrú ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yan ẹni tó máa kọ̀wé, oṣù á gorí oṣù.

Abiyamọ_Iléèwé:

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣeun púpọ̀. Ìbéèrè kan ló kù mí kù. Ẹgbẹ́ kékeré ni wá, a ò lè kọ ètò fún ìjọba, a ò sì ní akọ̀wé owó tó pọ̀. Níbo ni kí irú àwa yìí ti bẹ̀rẹ̀?

Aṣètò_Àná:

Ẹ má dá lọ bá Báńkì Àgbáyé. Ẹ lọ bá ẹgbẹ́ ìṣọ̀kan àwọn tó ń jà fún ẹ̀kọ́ ní orílẹ̀-èdè náà. Ní Sierra Leone, Education for All Coalition ni. Àwọn ló ń ṣojú aráàlú nínú Local Education Group. Àpò kan sì wà lábẹ́ GPE fún irú iṣẹ́ wọn, Education Out Loud, tí Oxfam ti Denmark ń bójú tó. Ẹ mú ohun tí ẹ rí ní àwọn ilé-ìwé yín lọ fún wọn ní ìwé pélébé kan, kí wọ́n gbé e dé ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ̀rọ̀ owó.

Ìyá_Tíṣà:

Kẹ́ ẹ sì tó lọ, ẹ mọ iye tó yẹ kó dé. Sierra Leone sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́ ní 2018, ìjọba sì ń fi owó ránṣẹ́ sí ilé-ìwé ní orí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ pé èló ló yẹ kí ilé-ìwé yìí gbà ní sáà yìí. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé pé èló ló rí, àti pé ọjọ́ wo ló dé. Ẹ fi ọ̀wọ̀ bèèrè, níṣojú ìgbìmọ̀ òbí, kó má dà bíi pé ẹ wá mú un. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé ni inú wọn máa dùn pé ẹnì kan bi wọ́n, torí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ráhùn pé owó dé nígbà tí sáà ti parí.

Ọmọ_Ìṣúná:

Mo fi kún un: bó bá jẹ́ iṣẹ́ tí Báńkì Àgbáyé wà nídìí rẹ̀, wọ́n máa ń gbé ìròyìn bí iṣẹ́ ṣe ń lọ síta lórí ìkànnì wọn, fún gbogbo ayé láti kà. Iye tí wọ́n fọwọ́ sí, iye tó ti jáde, ohun tí wọ́n ṣèlérí àti ibi tí wọ́n bá a dé wà níbẹ̀. Ẹ wá orúkọ iṣẹ́ náà, ẹ ka ti ọdún yìí àti ti ọdún tó kọjá pọ̀. Bí iye tó ti jáde ò bá yàtọ̀ láàárín méjèèjì, ẹ ti ní ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ béèrè nípàdé. Bí ẹ bá rí i tí kò yé yín, ẹ gbé e wá síbí, màá bá yín kà á.

Abiyamọ_Iléèwé:

Mo ti rí ti Liberia lórí ìkànnì wọn báyìí. Màá kà á lálẹ́ òní, màá sì gbé àwọn ibi tí kò bá yé mi wá.